Bó Pẹ́ Títí

Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi jókòó sábẹ́ igi fùrúǹtù ní Ẹ̀pẹ́,
Bẹ́dífọ́ọ̀dù ọ̀gá mi, Jìnádù.
Adìyẹ ń yé sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.
Ewéko yọ lójú iná ọ̀tún bí irun imú arúgbó.
Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ tà á fún oníṣòwò irin, ní kílò ní kílò.
Mo ní, ẹ fi sílẹ̀ fún mi.
Wọ́n wo ara wọn. "Bàbá Wẹ́ẹ̀jì, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Èmi ni mo máa ń bẹ́ sílẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde,
igi wẹ́ẹ̀jì lábíyá,
tí mo bá pẹ́ díẹ̀, ẹrù ẹja àti èèyàn méjìlélógún á padà sẹ́yìn.

Mo gbé kabúrétọ̀ dé Ládípọ̀.
Ọmọ kan fi fóònù yà á ní fọ́tò,
ó ní, "Bàbá, mùsíọ́mù ni kí ẹ gbé èyí lọ."
Ní Ìkòròdú, obìnrin kan ní ìlẹ̀kùn irú rẹ̀ kan ṣoṣo,
ó fi bo kànga.
Mo san owó ìlẹ̀kùn, mo tún ra páànù fún kànga.

Ohun tí a kò rí rà, a bi í léèrè pé: iṣẹ́ wo lò ń ṣe?
Gásíkẹ́ẹ̀tì, bàtà aláwọ tí mo wọ̀ níbi ìgbéyàwó àkọ́bí mi.
Búùṣì, Sọ̀yẹ́bọ̀ tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ló gbẹ́ ẹ.
Wọ́n ní apá kò ká àpá;
apá tirẹ̀ ká a, ó rì í sínú epo pupa fún ọjọ́ mẹ́ta,
ó fi òòlù kékeré rọra tì í wọlé
bí ẹni ń fún ọmọ lóògùn.

Kóòkì inú táǹkì ti jẹrà.
Apẹja Ìlàjẹ kan já ìléfòó kan lára àwọ̀n rẹ̀, kò gba kọ́bọ̀:
"Ohun tó mọ ojú omi, yóò mọ ojú epo."

Ó wá ku fàdákà bíńtín fún ibi tí iná ti ń ṣẹ́.
Mo wo ọwọ́ Sàlámọ̀tù.
Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.
Lọ́jọ́ kẹta, òrùka wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì mi.
"Ọkọ̀ yín yìí, èmi ni kó kọ́kọ́ gbé."

Pátákó iwájú ni kò ní àtúnṣe.
Ikán ti jẹ ìdajì. BÓ PẸ́ TÍTÍ ló kù.
Mùtíátù, ọmọ iṣẹ́ wẹ́dà, di búrọ́ọ̀ṣì mú:
"Bàbá, kí ló tẹ̀ lé e?"
Sọ̀yẹ́bọ̀ ní akólòlò á pe baba.
Sàlámọ̀tù ní rárá, òótọ́ á jáde ni.
Ọmọ Jìnádù ní òun kò kíyè sí i rí.
Gbogbo wọn kọjú sí mi.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi fọ pátákó yẹn
ní gbogbo àárọ̀ Jímọ́ọ̀, kànìnkànìn àti ọṣẹ.
Mo mọ̀ pé ó pupa, pé etí rẹ̀ yẹ́lò,
pé lẹ́tà tó gbẹ̀yìn tẹ̀ bí ẹni tó ru igi.
Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí kí n tó mọ a, b, d,
ọkọ̀ ti gúnlẹ̀ nígbà náà.

Alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó wúkọ́. Ó tún wú.
Èéfín dúdú lé àwọn adìyẹ wọ ilé ìdáná.
Abẹ́rẹ́ epo dìde dé ìdajì, ó dúró síbẹ̀;
n kò gbà á gbọ́, mo ti igi bọ táǹkì wò.

Pákó tuntun ti wà lókè, a fá a, ó funfun.
Mùtíátù ṣì ń wò mí, ọ̀dà ń kán sí i lẹ́sẹ̀.
Mo ní kó dúró ná.
Mo wọ yàrá lọ wá wẹ́ẹ̀jì mi.